Àwọn Ìlà Tó Jẹ́ Òdo

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá Kàdúná lò lọ́dọ̀ wa ní Kubwa lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n wá tọ́jú ojú wọn ní Àbújá. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná kí wọ́n tó bí mi, tí èdè Haúsá sì ti wọ Yorùbá wọn débi pé bí inú bá ń bí wọn, a kì í mọ èyí tí wọ́n ń sọ nínú méjèèjì. Ní alẹ́, bí iná bá wà, mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà mi sórí tábìlì tí a fi ń jẹun láti parí iṣẹ́ tí kò parí ní ọ́fíìsì, àwọn náà á sì fa àga wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé: mò ń ka ìròyìn ìjà, ìpànìyàn, ìjínigbé àti rògbòdìyàn ìdìbò, mo sì ń sọ wọ́n di nọ́ńbà, kí àwọn tó mọ ìṣirò jù mí lọ lè fi wádìí ohun tó ń fà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà náà, wọ́n wọ́ ọ wálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Òdo, òdo, òdo, òdo. Àkànní, ṣé òdo ni wọ́n ń sanwó fún ọ pé kí o máa kọ?"

Òdo náà ni. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, bí a bá ka mẹ́fà tó wà lábẹ́ Àbújá mọ́ ọn. Bí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ìlà 9,288 ni ọdún kan ṣoṣo máa gbà, òdo ló sì kún inú wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ nìkan ni mo ń kọ sílẹ̀, nítorí mo rò pé ìjà ni a wá kà. Ọ̀gá mi wo iṣẹ́ oṣù méjì, wọ́n ní kí n padà lọ fi gbogbo ibi tí nǹkan kan kò ti ṣẹlẹ̀ sí i. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi àpẹẹrẹ kan là mí lójú. Wọ́n ní bí dókítà bá bi gbogbo ẹni tí ibà ń ṣe bóyá wọ́n jẹ ẹ̀bà lọ́sẹ̀ náà, tí gbogbo wọn sì ní àwọn jẹ ẹ́, ẹ̀bà ti di okùnfà ibà nìyẹn, àfi bó bá rántí bi àwọn tí ara wọn le pé kí làwọn náà jẹ.

Bàbá gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣírò nínú ọ̀rọ̀ tó hàn sí gbogbo ayé. Wọ́n wà ní Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí àríyànjiyàn lórí òfin Ṣàríà di ìjà ìgboro, tí ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sì kú. Wọ́n wà níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan tí ìwé ìròyìn kọ nípa ìdíje arẹwà àgbáyé tún dá iná sílẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2011, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, nígbà tí rògbòdìyàn ọjọ́ mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ méjìlá ní Àríwá pa ènìyàn tó lé ní 800 gẹ́gẹ́ bí àjọ Human Rights Watch ṣe kà á. "Ẹ̀sìn ni, Àkànní. Ta ni kò mọ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mùsùlùmí lẹ̀yin, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá mi sì ń lọ títí wọ́n fi kú. Agboolé kan náà, kànga kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà wo la jó ara wa nílé?"

Wọ́n ní ti Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀.

"Kí ló mú un yàtọ̀?"

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọn kò dá mi lóhùn. N kò sì sọ pé ẹ̀sìn kò sí níbẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n bi lójú títì pé kó ka àdúrà tí kò mọ̀ kò ní gbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn méjèèjì wà ní Kàdúná ní 1998, wọ́n wà níbẹ̀ ní 2005, wọ́n sì wà níbẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wà nílẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè dá ṣàlàyé ohun tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí yìí, ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Lewis Fry Richardson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1881. Ìjọ Quaker ló ń lọ, ìjọ tí kì í jagun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló ń wà ní ilẹ̀ Faransé. Onímọ̀ ojú ọjọ́ ni, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1920 nígbà tí wọ́n kó iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn sábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ọmọ ogun òfurufú. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìjà. Ó kó gbogbo ìjà aṣekúpani tó lè rí jọ láti 1820, ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè àti ti abẹ́lé, ó sì fi iye òdo tó wà lẹ́yìn 1 nínú iye àwọn tó kú wọn bí wọ́n ṣe tóbi tó. Èyí tó pa ènìyàn 1,000 wà ní ipò kẹta, èyí tó pa 10,000 wà ní ipò kẹrin, bẹ́ẹ̀ ló ń gùn lọ. Ogun Àgbáyé méjèèjì nìkan ló dé ipò keje. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí pé òdo náà ni baba iṣẹ́ yìí ń kà.

Ohun tó rí kò dùn mọ́ àwọn olóṣèlú nínú. Bí ogun ṣe ń bẹ́ sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún jọ bí nǹkan tó kàn ń ṣe kòńgẹ́, kò ní àkókò kan pàtó tó ń tẹ̀ lé. Ó tún rí i pé bí orílẹ̀-èdè bá ṣe pààlà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn tó ni ogun tó ń jà ṣe ń pọ̀ tó, èyí tó túmọ̀ sí pé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ẹni tó burú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tó jọ ń gbé. Ó kú ní 1953. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwé tó kọ gbogbo èyí sí.

Àwọn tó tẹ̀lé e ní láti pinnu ohun tí wọ́n máa pè ní ogun. Ní 1963, J. David Singer bẹ̀rẹ̀ àkójọ tirẹ̀ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó kú lójú ìjà ni wọ́n sì fi ṣe ẹnu ọ̀nà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden sọ ọ́ di 25 lọ́dún kan. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ilé wa. Bí abúlé méjì ní Plateau bá ń pa ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́dọọdún nítorí ilẹ̀ kan náà, wọn kò ní wọ inú èyíkéyìí nínú àkójọ ogun méjèèjì láéláé, bó ti wù kí iye tó kú láàárín ogún ọdún pọ̀ tó. N kò bínú sí ẹni tó fa ìlà náà, nítorí kò sí bí a ṣe máa kà láìfa ìlà síbì kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ka àbájáde ìwádìí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè irú ìyà tó ṣubú sábẹ́ ìlà náà.

Ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù lórí ogun abẹ́lé ni èyí tí James Fearon àti David Laitin gbé jáde ní 2003. Ogun abẹ́lé 127 ni wọ́n kà láti 1945 dé 1999, ṣùgbọ́n wọn kò wo 127 yẹn nìkan; wọ́n fi wé gbogbo ọdún tí àwọn orílẹ̀-èdè kò jà. Bí wọ́n ṣe fi òdo sínú ìṣirò báyìí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà àti ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn nínú orílẹ̀-èdè kò fi ogun kún ogun, bí a bá ti yọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ kúrò níbẹ̀. Àwọn ohun tó hàn ni ìṣẹ́, ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ibi gbogbo, òkè ńlá tí ọlọ́tẹ̀ lè sá sí, àti iye ènìyàn tó pọ̀.

Mo gbà á, ṣùgbọ́n n kò gbé e mì lódindi. Ní 2010, Lars-Erik Cederman, Andreas Wimmer àti Brian Min bi ìbéèrè kan tó sàn ju iye ẹ̀yà lọ: èwo nínú àwọn ẹ̀yà náà ni wọ́n tì síta kúrò nídìí àṣẹ? Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n tì síta, pàápàá àwọn tó pọ̀ níye, tí wọ́n sì ti wà nídìí àṣẹ rí kí wọ́n tó lé wọn, ni wọ́n máa ń gbé ìbọn. Ẹni tó bá ti gbé Àríwá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Bàbá Kàdúná márààrún, Kàdúná ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé, Haúsá wọn sì dùn ju Yorùbá wọn lọ. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ yunifásítì, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ìwé pélébé yẹn, lójú tèmi, ṣàlàyé ìjà Jos ti 2001 ju Bíbélì àti Kùránì lọ.

Ìdí tí ìṣirò fi ń ṣòro ni pé okùnfà àti àbájáde máa ń wọ aṣọ ara wọn. Ìṣẹ́ ń bí ogun, ogun náà ń bí ìṣẹ́. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó kọ́kọ́ dé? Ní 2004, Edward Miguel, Shanker Satyanath àti Ernest Sergenti wá ọgbọ́n kan dá sí i. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ òjò orílẹ̀-èdè 41 ní Áfíríkà jọ, láti 1981 dé 1999. Àwọn àgbà sọ pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí leji ń pa, èyí gan-an ló sì mú kó wúlò fún wọn: kò sí ọlọ́tẹ̀ tó lè dá òjò dúró, kò sì sí gómìnà tó lè yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ po nítorí ìdìbò. Bí òjò bá wọ́n, oko á bàjẹ́, owó á wọ́n. Bí ogun bá wá tẹ̀lé e, a mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ọrọ̀ ajé bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún já sílẹ̀, ìṣeéṣe pé ogun abẹ́lé máa wáyé lọ́dún tó tẹ̀lé e máa ń fi ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Antonio Ciccone tún un ṣírò ní 2011, ó sì takò wọ́n lórí bí wọ́n ṣe wọn òjò náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣírò kì í ṣe ìwádìí.

Èyí tó kan wa jù ni ti Eoin McGuirk àti Nathan Nunn, tí wọ́n wo àwọn darandaran káàkiri Áfíríkà. Bí ọ̀dá bá dá níbi tí darandaran ń gbé, ibòmíràn ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn nínú ilẹ̀ àgbẹ̀ tó múlé gbè wọ́n, nítorí wọ́n kó ẹran wọn dé kí àgbẹ̀ tó kórè. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí iye ìgbà tí mo ti kọ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Benue tàbí Nasarawa sílẹ̀, tí mo sì fi òjò ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òjò ti rọ̀ dáadáa níbẹ̀. Ẹni tó bá wo ìlà mi yóò sọ pé ọ̀dá kò mọ nǹkan kan nípa ìjà náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dá ti dá ní ìlà mìíràn tó jìnnà sókè, níbi tí mo kọ òdo sí.

Òdo mìíràn tún wà tó jẹ́ irọ́. Ìwé ìròyìn ni à ń kà, ìwé ìròyìn sì ń tẹ̀lé ọ̀nà ọ̀dà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nils Weidmann fi ti Afghanistan hàn pé ibi tí fóònù bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ìròyìn ìjà ti máa ń pọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn, bí ìjà tilẹ̀ wà níbòmíràn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n gé fóònù níbẹ̀. Ẹni tó bá wo irú àkọsílẹ̀ tèmi láìmọ èyí lè rò pé ìdákẹ́jẹ́ àwọn oṣù kan jẹ́ àlàáfíà. Àwọn ará Nigeria Watch, tí wọ́n ti ń ka ikú oró láti inú ìwé ìròyìn wa láti 2006, tí wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Yunifásítì Ìbàdàn, máa ń fi ìwé ìròyìn púpọ̀ wé ara wọn nítorí irú nǹkan báyìí. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ wa, ìròyìn mẹ́ta dé nípa abúlé kan: ìkíní ní ènìyàn 11 ló kú, ìkejì ní 17, ìkẹta ní "ọ̀pọ̀ ènìyàn", ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbà kọ orúkọ abúlé náà. Bàbá ló bá mi yanjú orúkọ. Wọ́n pè é lédè Haúsá bó ṣe yẹ, wọ́n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé abúlé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Iye àwọn tó kú ni n kò rí ẹni bá mi yanjú.

Òpó kan tún wà nínú àkọsílẹ̀ mi tí mo máa ń fẹ́ fò, èyí tó ń béèrè ẹ̀sìn àti ẹ̀yà àwọn tó jà. Láti ọdún 1963 ni ètò ìkànìyàn wa kò ti béèrè méjèèjì mọ́. Ti 2006, tó kà wá sí 140,431,790, kò béèrè wọn. Nítorí náà, orúkọ ni akọ̀ròyìn fi ń méfò. Mo bi Bàbá pé bí wọ́n bá pa wọ́n ní 2000, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀, inú àpótí wo ni kí n fi wọ́n sí, ti Mùsùlùmí tàbí ti ará Gúúsù? Wọ́n ní, "Àmín. Àwọn méjèèjì ni mo sá fún lọ́jọ́ náà."

Ní Kàdúná kan náà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tí kò gbára lé ìwé ìròyìn rárá. Alexandra Scacco àti Shana Warren kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n fi wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín wọn: wọ́n da àwọn kan pọ̀ mọ́ ẹlẹ́sìn kejì, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sáàárín ẹlẹ́sìn tiwọn nìkan. Ní 2018 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n rò lọ́kàn nípa ẹlẹ́sìn kejì kò yí padà, ṣùgbọ́n ní ti ìṣe, àwọn tó jọ kàwé pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ojúsàájú sí ẹlẹ́sìn kejì bí àwọn tó dá wà. Àwọn tó dá wà ló tilẹ̀ wá ń ṣe ojúsàájú ju àwọn tí kò wá sí kíláàsì rárá. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí nítorí kèké tí wọ́n ṣẹ́ ló ṣe iṣẹ́ tí òjò ṣe fún àwọn tó ṣáájú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò ṣèlérí ohun tí kò rí.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n padà, Bàbá fúnra wọn ló dá ọ̀rọ̀ òdo padà sílẹ̀. Wọ́n ní àdúgbò kan wà lẹ́yìn ọjà tí wọ́n ń gbé ní 2000 tí ẹnikẹ́ni kò kú sí, tí iná kò sì jó ilé kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́sìn méjèèjì ló ń gbé ibẹ̀, tí àdúgbò kejì sì jóná. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Mo ń retí ìmọ̀ràn àwọn àgbà tàbí àdúrà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ará àdúgbò náà jẹ́ mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ bíi tiwọn, àti pé nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ti àwọn Peugeot 504 tó ti kú, wọ́n fi dí ojú títì ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì jókòó sórí wọn mọ́jú. Àwọn tó ń bọ̀ wo ọ̀nà, wọ́n gba ibòmíràn.

"O ò ní òpó fún ìyẹn," ni wọ́n wí.

N kò ní. Mo la òpó tuntun kan lójú ẹsẹ̀, mo bi wọ́n pé ọkọ̀ mélòó. Wọ́n ní mẹ́rin, méjì ní òkè, méjì ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n gbé fóònù, wọ́n pe Málàmù kan tí wọ́n jọ jókòó sórí ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà. Haúsá ni wọ́n ń sọ, ó pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pariwo mọ́ ara wọn. Málàmù ní márùn-ún ni. Ìkarùn-ún ni pick-up tí wọn kò lè tì nítorí kò ní táyà, tí wọ́n fi wọ́ ọ nílẹ̀. Bàbá ní irọ́ ni, kò sí pick-up kankan níbẹ̀. Mo kọ "4 tàbí 5" sí i, Excel sì kọ̀ láti kà á mọ́ nọ́ńbà.